Ultrasound pẹ̀lú oògùn 5-ALA fún jẹjẹrẹ ọpọlọ: èwo ni òtítọ́, èwo ni àbùmọ́?

Oríṣi fídíò kan ti gbòde lórí WhatsApp àti Facebook. Aláìsàn dùbúlẹ̀ sẹ́nu MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n ti fá irun rẹ̀ kodoro, wọ́n sì gbé akoto ràgàjì kan wọ̀ ọ́ lórí. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìró ni wọ́n fi ń yọ́ jẹjẹrẹ ọpọlọ báyìí, pé kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́, kò sí kẹmó mọ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀, àbùmọ́ náà sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú jù ni pé ìtọ́jú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, ultrasound, ìyẹn ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Ọ̀kan ti gba àṣẹ fún àìsàn ọpọlọ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Àwọn méjì yòókù, tí wọ́n dojú kọ jẹjẹrẹ, ṣì wà lẹ́nu ìwádìí. Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù nísinsìnyí ni èyí tí aláìsàn ti máa ń kọ́kọ́ gba oògùn kan kí ìró tó kàn án lórí, òun náà sì ni a ó tú palẹ̀ jù níbí.

Àrùn wo gan-an ni wọ́n ń bá jà?

Méjì ló wà níwájú. Àkọ́kọ́ ni glioblastoma, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń ti inú ọpọlọ àgbàlagbà fúnra rẹ̀ hù. Ìwà rẹ̀ ló burú: kì í dúró sójú kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń wọ́ lọ síbi tí MRI kò ti lè rí wọn, nítorí náà dókítà tó gé gbogbo ohun tó fojú rí kúrò mọ̀ dájú pé ó ṣẹ́ kù. Láti 2005 ni ètò ìtọ́jú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan: iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ìtànṣán pẹ̀lú oògùn kẹmó temozolomide. Nínú ìwádìí tí Roger Stupp darí, èyí tó fi ìdí ètò náà múlẹ̀ lọ́dún yẹn, bí a bá to àwọn aláìsàn bí ẹ̀mí wọn ṣe gùn tó, ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn nínú àwọn tó gba méjèèjì lo oṣù 14.6, nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, oṣù 12.1 ni. Oṣù méjì ààbọ̀ ni gbogbo èrè rẹ̀, síbẹ̀ àṣeyọrí ńlá ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ìdí tí ìròyìn kékeré nípa àrùn yìí fi máa ń tètè gbilẹ̀.

Èkejì ni DIPG, tí àwọn onímọ̀ ti ń kà mọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní diffuse midline glioma báyìí. Ọmọdé ló máa ń mú jù, pàápàá láàárín ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Inú pons ló ń hù sí, ìyẹn ibì kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí àṣẹ mímí, gbígbé oúnjẹ mì, yíyí ẹyinjú àti rírìn ń gbà kọjá. Kò ṣeé gé. Ìtànṣán máa ń dẹ̀ ẹ́ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún gbérí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in ni kì í lò tó ọdún kan lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn òbí wọn. Irú àrùn yìí ló pa Karen, ọmọbìnrin Neil Armstrong, ní 1962, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì; ọdún méje lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ òṣùpá. Títí di òní, ìtànṣán ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ọmọ tó bá ní in.

Ṣé ultrasound tí wọ́n fi ń wo aboyún náà ni?

Ìbátan ni wọ́n, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ìró ni méjèèjì, ìró tó ń gbọ̀n ju 20,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí ènìyàn kò fi lè gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe skáànù oyún máa ń gbọ̀n ní ọ̀nà mílíọ̀nù. Ó ń lọ, ó ń padà, ẹ̀rọ sì ń fi èyí tó padà ya àwòrán. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọpọlọ máa ń rọlẹ̀ sí nǹkan bíi 220,000 tàbí 650,000 ìgbà, nítorí pé eegun agbárí kì í jẹ́ kí ìró gíga kọjá. Bó bá tilẹ̀ kọjá, eegun náà á yí i lójú, á sì gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀.

Ìṣòro yẹn ni akoto inú fídíò náà wà fún. Nínú Exablate Neuro, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Insightec ti Ísírẹ́lì ṣe, ojú ìró 1,024 ló wà nínú akoto kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi CT, ẹ̀rọ àwòrán mìíràn, ya orí aláìsàn kí wọ́n lè mọ ibi tí eegun ti nípọn àti ibi tó ti fẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà á sì tún ti ojú kọ̀ọ̀kan ṣe kí gbogbo wọn lè dé ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó èsúsú ni: ohun tí ẹnìkan dá kò tó nǹkan, ẹni tó bá kó o ló mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan gbà kọjá kì í mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni agbára wà. Omi tútù sì ń yí kiri láàárín akoto àti awọ orí kí agbárí má baà gbóná.

FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ti fàṣẹ sí ẹ̀rọ yìí láti 2016 fún àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n. Níbẹ̀, ooru ni wọ́n ń wá: ìró náà á sun ojú kan tó kéré gan-an nínú ọpọlọ, ọwọ́ á sì dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Bí ẹ bá rí fídíò aláìsàn tó ń fi ọwọ́ tí kò gbọ̀n mọ́ fa ìlà lórí bébà lẹ́nu ìtọ́jú náà, àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n ló ní, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Kí wá ni iṣẹ́ oògùn nínú rẹ̀?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìtọ́jú tí à ń sọ yìí, sonodynamic therapy lẹ́nu àwọn onímọ̀, kò fẹ́ sun ohunkóhun. Agbára ìró rẹ̀ kéré sí ti àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n. Ohun tó ń wá ni pé kí ìró náà jí oògùn kan tó ti sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

5-ALA ni oògùn náà. Kì í ṣe májèlé. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ara á sọ ọ́ di èròjà kan tó ń jẹ́ protoporphyrin IX, lẹ́yìn náà á fi irin kún un, ó parí. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì glioblastoma ni kì í tètè fi irin yẹn kún un. Bí a bá wá fún aláìsàn ní 5-ALA púpọ̀, èròjà àárín ọ̀nà yìí á kúnlẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó yè kooro kò ní ní tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ti ń jàǹfààní èyí tipẹ́. Aláìsàn á mu 5-ALA ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ búlúù sí ọpọlọ, jẹjẹrẹ á máa pọ́n yòò. Ìwádìí tí Walter Stummer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Jámánì, tó jáde ní 2006, fi hàn pé àwọn tó lo iná yìí rí gbogbo jẹjẹrẹ tó hàn gé kúrò lára ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Àwọn tó lo iná lásán rí i ṣe lára ìdá 36. Yúróòpù fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí ní 2007, FDA ní 2017. Àwọn tó ń pè é ní oògùn àdììtú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ tòótọ́. Ó ti pẹ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Èyí tó jẹ́ tuntun ni pé kí wọ́n fi pa jẹjẹrẹ.

Iná náà lè pa á. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bá irú èròjà yìí, á mú kí ọ́síjìn tó wà nítòsí di oníjàgídíjàgan, á sì máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ láti inú. Japan ti fọwọ́ sí irú ìtọ́jú onímọ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ ọpọlọ láti 2013, pẹ̀lú oògùn mìíràn tó ń jẹ́ talaporfin. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé jìnnà nínú ọpọlọ, bí wọn kò bá sì ṣí agbárí, kò níbi tó máa gbà. Ìró ń wọlé jìnnà, kò sì nílò kí wọ́n ṣí orí. Ohun tí àwọn tó dá sonodynamic sílẹ̀ ń lépa ni pé kí ìró ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀: oògùn nìkan kò pa sẹ́ẹ̀lì, ìró nìkan náà kò pa á, ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ìpalára wà.

Ta ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀?

Ará Japan ni wọ́n. Ní 1989, Nagahiko Yumita, Shin-ichiro Umemura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ pé bí oògùn hematoporphyrin bá ti wà níbẹ̀, ìró ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lára eku lẹ́yìn náà. Lára àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọpọlọ eku ni ikọ̀ Francesco Prada ní Carlo Besta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Milan.

Bí ìró ṣe ń jí oògùn gan-an kò tíì jẹ́ ohun tí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lé. Àwọn kan ní ìró ń dá ìhó wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú omi ara, bí ìhó yẹn bá sì fọ́, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tín á ṣẹ́ jáde, òun ló ń jí oògùn. Àwọn mìíràn ní ooru inú ìhó tó ń fọ́ náà ló ṣe é, tàbí títì tí ìró ń ti awọ sẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe àríyànjiyàn ìwé lásán. Bí wọn kò bá mọ ohun tó ń pa á, ó ṣòro láti mọ iye ìró tó tó àti iye tó pọ̀ jù.

Ibo ni wọ́n bá a dé lára ènìyàn?

Ní Phoenix, ìpínlẹ̀ Arizona, Nader Sanai àti ikọ̀ rẹ̀ ní Ivy Brain Tumor Center, tó wà lábẹ́ Barrow Neurological Institute, lo ọgbọ́n kan tó yẹ ká dúró wò. Àwọn aláìsàn tí jẹjẹrẹ wọn ti padà wá, tí wọ́n sì ti fẹ́ gé e, ni wọ́n mú. Wọ́n fún wọn ní 5-ALA láti inú iṣan, oògùn ilé-iṣẹ́ SonALAsense. Wọ́n wá dojú ìró kọ apá kan jẹjẹrẹ náà, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi apá méjèèjì wé ara wọn. Ẹnìkan náà, jẹjẹrẹ kan náà, oògùn kan náà. Ìró nìkan ló yàtọ̀. Apá tí ìró kàn ní àmì ìpalára ọ́síjìn àti àmì sẹ́ẹ̀lì tó ń kú ju apá kejì lọ.

Ohun tí èyí fi hàn ṣe gbòógì: iṣẹ́ tí wọ́n rí lára eku ń ṣẹlẹ̀ lórí ènìyàn náà. Ohun tí kò lè fi hàn ni pé aláìsàn á pẹ́ sí i, nítorí wọ́n gé jẹjẹrẹ náà kúrò. Ọ̀pọ̀ ìròyìn tó ń kiri fo ìlà tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yẹn.

Oògùn kan náà àti akoto kan náà ni wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ní DIPG. Children's National Hospital ní Washington wà lára àwọn ibi tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Ìṣọ́ra níbẹ̀ lágbára, nítorí pons kò láyè: bí jẹjẹrẹ tó ń kú bá wú, ọ̀nà mímí ọmọ ni yóò tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìró díẹ̀, tí wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà. Ilé-iṣẹ́ Alpheus Medical ní Minnesota kò dojú ìró kọ ojú kan rárá. Ìró tó tú ká ni wọ́n ń lò, tó lè kárí ìdajì ọpọlọ. 5-ALA tí aláìsàn ń mu lẹ́nu ni, kò sì sí MRI nídìí rẹ̀. Èrò wọn ni pé glioblastoma ti tàn kọjá ohun tí àwòrán ń fi hàn, nítorí náà ẹni tó bá ń yìnbọn sí ibi tó rí á fi èyí tí kò rí sílẹ̀, bí oògùn bá sì mọ sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó wọ̀, kò sí ìdí fún ìró láti máa ṣàyàn. Àwọn tó ń lo akoto fèsì pé àwọn mọ ibi tí ìró dé àti bó ṣe lágbára tó níbẹ̀, èyí tí ó ṣòro láti mọ̀ nígbà tí ìró bá tú ká lẹ́yìn eegun. Wọn kò tíì fi méjèèjì wé ara wọn nínú ìwádìí kan náà.

Ṣé òun náà ni èyí tí wọ́n ní ó ń ṣí odi ọpọlọ?

Rárá. Ìtọ́jú kẹta nìyẹn. Òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ní odi tó dí pinpin, tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn kẹmó wọlé. Bí wọ́n bá fi ìhó wẹ́wẹ́ sínú iṣan aláìsàn, tí ìró sì kàn wọ́n, ìhó náà á máa wú, á máa fọn, odi á sì ṣí fún wákàtí díẹ̀. Ní 2015, ilé ìwòsàn Sunnybrook ní Toronto ṣe é fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọpọlọ láìgé awọ orí rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Carthera ti ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń fi ohun èlò kékeré kan, SonoCloud-9, sínú agbárí fúnra rẹ̀. Adam Sonabend àti ikọ̀ rẹ̀ ní Northwestern University, Chicago, kọ ọ́ ní 2023 pé ibi tí wọ́n fi í ṣí ní oògùn kẹmó paclitaxel tó tó ìlọ́po 3.7, àti carboplatin tó tó ìlọ́po 5.9, ti ibi tí wọn kò ṣí. Ìwádìí ńlá tó tẹ̀lé e, SONOBIRD, ti bẹ̀rẹ̀.

Níbí, oògùn kẹmó ló ń pa jẹjẹrẹ, ìró kàn ṣílẹ̀kùn ni. Nínú sonodynamic, ìró wà nínú pípa fúnra rẹ̀.

Kí ló ń fa àríyànjiyàn?

Àwọn tó ń ṣiyèméjì kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé àwọn aláìsàn tí a ti dán an wò lára wọn kéré níye, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a lè fi wọ́n wé. Àwọn tó bá lágbára tó láti wọ inú ìwádìí sábà máa ń sàn ju àwọn tí kò lè wọ̀ ọ́ lọ, nítorí náà bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀, kò dájú pé ìtọ́jú ló fà á. MRI pàápàá ń tan ni jẹ: jẹjẹrẹ tí ìtọ́jú ń bá jà lè wú kó jọ pé ó ń dàgbà, èyí tó sì ń dàgbà lè jọ pé ó dúró fún oṣù kan tàbí méjì.

Ìbéèrè tó le jù wà nínú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ọ́síjìn ni ìtọ́jú yìí fi ń jà, àárín glioblastoma sì jẹ́ ibi tí ọ́síjìn ti ṣọ̀wọ́n. 5-ALA kì í sì í wọlé dọ́gba. Ibi tí odi ọpọlọ ti bàjẹ́ ló ti ń rọrùn fún un, àmọ́ ní etí jẹjẹrẹ, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sá lọ wà, odi ṣì lè wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà ti sábà máa ń padà. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìró ṣí odi kí 5-ALA tó wọlé. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà dáhùn pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tún un ṣe léraléra: ìtànṣán ní iye tí ọpọlọ lè gbà láyé, wọ́n sì retí pé ìró kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ìrètí ni, ìwádìí ló máa sọ.

Ewu tirẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í mú irun aláìsàn dànù bíi kẹmó. Ẹni tó bá gba 5-ALA gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn àti iná tó mọ́lẹ̀ gan-an fún ọjọ́ kan sí méjì, torí oògùn wà nínú awọ rẹ̀ náà. Ọpọlọ lè wú. Dídùbúlẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ nínú MRI pẹ̀lú akoto kò sì rọrùn fún ọmọ ọdún márùn-ún.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fún àwọn tó ń kú lọ?

Ìbéèrè àwọn òbí nìyí, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òfin Right to Try, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2018, gba aláìsàn tí kò ní ọ̀nà mìíràn láyè láti béèrè oògùn tó ti kọjá ìpele ìwádìí àkọ́kọ́. Àmọ́ òfin náà kò fi tipá mú ilé-iṣẹ́ láti fún un. Àwọn tó ní ká ṣe sùúrù sọ pé bí a bá ń pín in káàkiri, kò sẹ́ni tí yóò gbà láti wà nínú ẹgbẹ́ tí kò gbà á, a kò sì ní mọ̀ láé bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní August 2025 tí àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. FDA fi ìkánjú fọwọ́ sí dordaviprone, kápúsù kan, fún diffuse midline glioma oní-H3 K27M (àyípadà kan nínú àbùdá jẹjẹrẹ náà) tó ti padà lẹ́yìn ìtọ́jú. Àádọ́ta aláìsàn ni wọ́n gbé e kà. Jẹjẹrẹ ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún wọn súnkì. Àwọn òbí rí i pé ẹgbẹ́ kékeré tó. Àwọn onímọ̀ kan ní àṣẹ tó ní àmọ́ ni, torí ilé-iṣẹ́ náà ṣì gbọ́dọ̀ fi ìwádìí tó tóbi jù ú lọ gbè é lẹ́sẹ̀. FDA kò tíì fọwọ́ sí sonodynamic fún jẹjẹrẹ ọpọlọ kankan.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ńkọ́?

Láti 1962 tí Látúndé Odeku, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti dé UCH Ìbàdàn ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ìtànṣán wà ní UCH àti ní NSIA-LUTH ní Èkó. Àwọn yẹn ni ìtọ́jú tí ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ní báyìí. Ẹ̀rọ skáànù oyún tó wà ní ilé ìlera àdúgbò kò ní agbára ìtọ́jú yìí, kò sì sẹ́ni tó lè fi í ṣe é.

Bí ẹnìkan bá ní òun lè mú yín dé inú ìwádìí ní òkèèrè, ẹ béèrè nọ́ńbà tí ìwádìí náà ń jẹ́ lórí ClinicalTrials.gov, nọ́ńbà tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT. Ojú ewé náà á sọ ilé ìwòsàn tó ń ṣe é, ọjọ́ orí àti irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gbà, àti bóyá wọ́n ṣì ń gba ènìyàn tàbí wọ́n ti dáwọ́ dúró. Ìwádìí tòótọ́ kì í sábà gba owó oògùn tó ń dán wò lọ́wọ́ aláìsàn. Ọkọ̀ òfuurufú, ilé gbígbé àti físà ni ìnáwó máa ń ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fẹ́ kí aláìsàn padà wá ya MRI lóṣooṣù tàbí lẹ́yìn oṣù méjì.